Ibi Tí Èéfín Ń Gbà Wọ Ọkọ̀ Wa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bì sórí afárá pákó níwájú ilé ìránṣọ, lójú gbogbo àwọn tó wá pàdé ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó afárá mú, ikùn rẹ̀ tó ti wọ oṣù kẹjọ ń mì bó ṣe ń bì. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun bí ìgbà tí wọ́n ń kan ìṣó mọ́ pákó.

"Oyún ni," obìnrin kan tó dúró tì wá ló wí bẹ́ẹ̀.

"Oyún kọ́," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ó fi etí ìró nu ẹnu. "Mo ti bí ọmọ méjì. Mo mọ èébì oyún. Èyí kò jọ ọ́."

Mo fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi ní ìṣẹ́jú yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bu iyì kún mi. Ẹ̀rù bà mí nítorí rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rù náà, inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí pé inú mi ń dùn. Oṣù méjì péré ni mo ti padà sí Ayétòrò, ìlú wa létí òkun níbi tí a ti ń ṣe gbogbo nǹkan ní àpapọ̀, láti ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìlú rán mi lọ ní Èkó. Gbogbo ìlú ló pawọ́ pọ̀ rán mi lọ. Oúnjẹ tí mo jẹ níbẹ̀, aṣọ tí mo wọ̀, ìwé tí mo rà, láti inú iṣẹ́ gbogbo wa ni wọ́n ti wá. Bí mo ṣe ń jí lójoojúmọ́ ni mo ń bi ara mi pé kí ni wọ́n rí gbà padà lára mi. Wàyí o, ìṣòro kan ti jókòó sílẹ̀ níwájú mi tó jọ èyí tí mo kà nínú ìwé. Obìnrin tí wọ́n bí sórí omi, tó ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kó tó mọ ìwé kà, kò lè máa bì nítorí ìgbì. Bó bá bì nínú ọkọ̀, nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ náà.

Mo bi àwọn obìnrin tó kù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan ní òòyì ń kọ́ òun. Òmíràn ní oorun ni ọmọ òun ń sùn láti ọ̀nà, kò sì fẹ́ mu ọmú. Mo bi àwọn ọkùnrin. Kò sí èyí tí nǹkan kan ṣe.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọkọ̀ àjẹ̀. Àwọn káfíńtà ìlú ló kàn án, ilé ẹ̀rọ ló sì gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń mu pẹtiróòlù sínú rẹ̀. Ó ní yàrá onípákó, òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù. Ẹ́ńjìnnì wà nínú àpótí láàárín yàrá náà. Páìpù tó ń gbé èéfín jáde gba abẹ́ pákó lọ sẹ́yìn, ó sì yọ ẹnu sí ìdí ọkọ̀, nísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà tí à ń gbà wọlé. Bí a ṣe ń jókòó nílé ìsìn la ṣe ń jókòó nínú rẹ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Àwọn ọkùnrin wà níwájú pẹ̀lú atukọ̀. Àwọn obìnrin àti ọmọ wà lẹ́yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè tètè sọ agbọ̀n ẹja wọn kalẹ̀.

Fèrèsé mẹ́ta wà níwájú yàrá náà, kò sí gíláàsì lójú wọn. Lásìkò afẹ́fẹ́, omi máa ń ta wọlé níbẹ̀, a sì máa rẹ gbogbo èèyàn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí mo ti Èkó dé ni pé mo ya àwòrán tapólì kan tí a ó fi dí fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó ku ihò kan ṣoṣo tí atukọ̀ á máa fi wo ọ̀nà. Ilé ìránṣọ rán an, àwọn káfíńtà kan etí òkè rẹ̀ mọ́ igi, wọ́n sì fi okùn so ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìlú dúpẹ́. Inú mi dùn débi pé mo bá ọkọ̀ náà lọ sí Igbókọ̀dá lẹ́ẹ̀mejì láìní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, kí n kàn lè jókòó síbi gbígbẹ.

Ọjọ́ Ajé la wà. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Agbẹ̀bí ìlú ti fọwọ́ kan ikùn ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ọmọ náà dábùú, kò sì fẹ́ yí. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa kí ìrọbí tó mú un. Dókítà ibẹ̀ ti dá Ọjọ́bọ̀ fún wọn, mọ́tò á sì wá pàdé rẹ̀ ní èbúté Igbókọ̀dá. Pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yìí, ìdajì ọjọ́ kò ní pé tí a ó fi dé Igbókọ̀dá. Pẹ̀lú ọkọ̀ àjẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni, ta ló sì mọ̀ bóyá ìrọbí á dúró dè é. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ìletò Mahintedo tí kò jìnnà lásán ló lọ, ó lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tó dé. Báwo ni yóò ṣe rí tí ọ̀nà bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Nínú èéfín ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, afẹ́fẹ́ kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí èèyàn bá ń mí i símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa gbé e kiri dípò afẹ́fẹ́ rere. Orí á kọ́kọ́ fọ́, èébì á tẹ̀lé e, oorun á wá gbé e lọ. Ọmọ inú oyún náà ń gba tirẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo ti kọ gbogbo èyí sínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì tó dára. N kò rò nígbà náà pé ikùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Mo lọ bá olórí ilé ẹ̀rọ wa. Bàbá yìí kò kàwé lọ títí. Títú àti títò ni wọ́n fi mọ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ wọn ló sì gbé ẹ́ńjìnnì náà sínú ọkọ̀. Wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n ń fi pẹtiróòlù fọ nọ́ọ̀tì. Atukọ̀ jókòó tì wọ́n.

"Bàbá," mo ní, "èéfín ń wọ yàrá ọkọ̀."

"Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ṣé lọ́fínńdà ni kó máa rùn ni?"

"Àwọn obìnrin ń bì, sà."

"Èmi kò bì. Atukọ̀ tó ń wà á lójoojúmọ́ kò bì. Ìwọ bì?"

"Rárá, sà."

Atukọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká bi ìwé ẹ̀ wò. Bóyá ìwé náà ti bì."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni ó ń lọ l'Ọ́jọ́bọ̀, àbí?"

"Òun ni, sà."

"Wá ihò tí o fẹ́ wá. O ní títí di àdúrà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Tí o bá rí i, a ó dí i. Tí o kò bá rí i, ọkọ̀ náà á lọ, ẹ̀gbọ́n ẹ á wà nínú ẹ̀, ìwọ náà á sì jẹ́ kí ọkàn ẹ balẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, atukọ̀ sì bi mí bóyá ìyàwó ni wọ́n fún mi.

Ọ̀nà tí a fi ń wá ibi tí páìpù èéfín ti ń jò kò le. Mo ní kí atukọ̀ tan ẹ́ńjìnnì, mo wá fi àkísà tútù dí ẹnu páìpù ní ìdí ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí èéfín má ríbi gbà. Bí ọ̀nà gidi bá dí, ibi tó ń jò ni yóò gbà. Mo ti po ọṣẹ sínú agolo. Mo wọ abẹ́ pákó, mo dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ náà sí gbogbo oríkèé páìpù, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Omi òjò tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ ẹ̀wù mi, n kò bìkítà. Nígbà tí mo dé oríkèé tí páìpù ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, omi ọṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìfófòó kékeré ń wú, ó ń bẹ́, òmíràn ń wú. N kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi lójú tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wò ó, mo sì ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Mo sáré lórí afárá débi pé pákó ń dún lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá wá, wọ́n tẹ̀ bá, wọ́n wò ó. "Ó ń jò lóòótọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n fúnra wọn gé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tí a fi ń dí oríkèé ẹ̀rọ, wọ́n fi í síbẹ̀, èmi mo di àwọn bóòtù rẹ̀ títí apá mi fi dùn mí. A tún kun ọṣẹ sí i, kò hó mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ púpurú nílé oúnjẹ bí ẹni tó ti ogun dé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó fọkàn balẹ̀.

"Ṣé o ti jókòó síbi tí èmi jókòó sí?" ó bi mí.

"Kò pọn dandan. Mo ti rí ibi tó ń jò."

Ó wò mí. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, mo sì mọ ìwò yẹn.

L'Ọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a wa ọkọ̀ náà jáde láti dán an wò. Ìyá kan tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan ẹja ní ìlú wa ní òun á bá wa lọ, wọ́n sì mú obìnrin mẹ́ta mìíràn dání. Màmá ga, ohùn wọn rinlẹ̀, ojú wọn sì pọ́n láti inú èéfín ọdún púpọ̀. Wọ́n jókòó lẹ́yìn bó ṣe yẹ. Èmi, Bàbá àti atukọ̀ wà níwájú bó ṣe yẹ. A wà á títí ilé ìlú fi kéré lójú wa. Mo ń bojú wẹ̀yìn ṣáá, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Màmá, báwo ni?"

"Kò tíì ṣe nǹkan."

Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, mo tún bi wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti gbé orí lé èjìká èkejì.

"Ẹ yí ọkọ̀ padà," Màmá wí. "Orí mi ti ń lù."

"Ṣùgbọ́n a ti dí ihò náà, mà."

"Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú lẹ dí i. Àwa tí a wà lẹ́yìn lẹ̀ ń fín bí ẹja."

"Kí ló dé tí ẹ kò ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ ń rí èéfín?" Bàbá bi wọ́n.

"Èéfín kẹ̀? Inú èéfín la ti ń jí, inú ẹ̀ la ti ń sùn. Ta ni ká lọ ròyìn èéfín fún? Kí wọ́n máa pè wá ní ọ̀lẹ?"

Mo dìde, mo lọ jókòó sáàárín àwọn obìnrin náà. Kò sí ọkùnrin tó ń jókòó síbẹ̀. Atukọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ó ti di arábìnrin wa." Ká tó dé èbúté, orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èmi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ojú, ó wá lọ sí ìpàkọ́. Ẹ lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n orí fífọ́ náà dùn mọ́ mi díẹ̀, nítorí ó jẹ́ ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ní ọ̀túnla, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò wà níbi tí mo jókòó sí yìí, inú mi sì bàjẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo tú pákó ìsàlẹ̀ yàrá náà láti wá ihò. N kò rí ihò tó ju ìka lọ, mo fi ọ̀dà dí gbogbo wọn. Mo tún kun ọṣẹ sí páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò hó níbì kankan. Mo jókòó sórí àpótí ẹ́ńjìnnì, mo sì rí i pé ọgbọ́n mi ti tán pátápátá. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa jíjò ni mo ti ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí mo ṣe máa sọ fún Bàbá.

Màmá ló wá bá mi níbẹ̀. Wọ́n dúró lórí èbúté, wọ́n ń wo gbogbo pákó tí mo tú.

"O ṣì ń wá ihò?"

"N kò rí i, mà."

"Ihò wo? Ilé tí mo ti ń yan ẹja kò ní ihò kankan tí èéfín ń bá wọlé. Inú ẹ̀ la ti ń dá iná. Ibi tí mo bá ní kí èéfín gbà ló ń gbà. Dìde."

Mo tẹ̀lé wọn dé ilé ẹja yíyan. Ilé yìí kọjú sí òkun, afẹ́fẹ́ sì ń ti ibẹ̀ fẹ́ wá. Iná èèpo àgbọn ń jó jẹ́jẹ́ lábẹ́ ààrò méjì, wọ́n sì gbé ààrò kẹta síta lẹ́yìn ilé, ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ní ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹní ńlá kan wà tí wọ́n fi ń dí iwájú ilé. Màmá ká a sókè. Afẹ́fẹ́ òkun wọlé láti iwájú, ó gba àárín ilé kọjá, ó jáde lẹ́yìn. Èéfín ààrò ìta náà bá a lọ, ó jìnnà sí wa.

"Wò ó dáadáa," wọ́n ní. Wọ́n wá sọ ẹní náà kalẹ̀.

Mo rò pé nǹkan kan kò ní yí padà, nítorí ẹ̀yìn ilé ni ààrò náà wà, iwájú la sì dí. Ṣùgbọ́n èéfín náà dúró, ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó yí padà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé tọ̀ wá wá. Ó kún ojú mi. Mo wúkọ́.

"Ibi tí o bá dí mọ́ afẹ́fẹ́ lójú, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni èéfín ń sá sí," Màmá wí. "Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹja lónìí ti mọ̀ ọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí omi á ti dà lójú ẹ̀."

Mo dúró sínú èéfín náà láìjáde. Mo rí fèrèsé mẹ́ta lójú ọkàn mi, mo rí tapólì, mo rí àwòrán tí mo fi rúlà àti pẹ́ńsù yà dáadáa. Èmi ni mo dí iwájú ọkọ̀ náà. Bó ṣe ń sáré lójú omi, afẹ́fẹ́ ń kọlu tapólì, kò ríbi wọlé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wá ṣófo, ó ń fa ohunkóhun tó bá wà nítòsí wọ ẹnu ọ̀nà, páìpù èéfín sì wà nítòsí gan-an. Wọ́n kọ́ wa ní nǹkan tó jọ èyí ní Èkó, nípa afárá àti omi tó ń ṣàn. N kò so ó mọ́ ọkọ̀ wa rárá. Ayọ̀ àti ìtìjú kọlù mí lẹ́ẹ̀kan náà débi pé n kò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ tẹ̀lé. Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo dúpẹ́, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Kí n tó dé ilé ẹ̀rọ, mo yà sí ilé ìránṣọ. Mo bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé ọjọ́ wo ni wọ́n gbé tapólì jáde. Wọ́n sọ ọ́. Mo bi àwọn obìnrin ìdí ẹja pé ìgbà wo ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn nínú ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni. Kò sẹ́ni tó so méjèèjì pọ̀. Ilé ìránṣọ mọ̀ pé àwọn rán aṣọ kan, àwọn káfíńtà mọ̀ pé àwọn kan ìṣó, ilé ẹ̀rọ mọ ẹ́ńjìnnì. Lọ́dọ̀ wa, nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí, ó ti di iṣẹ́ gbogbo wa nìyẹn, a kì í béèrè mọ́ pé ta ló ṣe é tàbí ìgbà wo ló ṣe é. Mo fẹ́ràn ìwà yìí láti kékeré. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo wòye pé òun náà ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó mọ̀.

Bàbá gbọ́ mi títí mo fi parí. Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni, sà. Èmi ni mo ya tapólì yẹn. Èmi ni mo ń fín wọn."

"Ìwọ nìkan lo rán an?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ nìkan lo kàn án mọ́ igi? Èmi tí mo jókòó níbi gbígbẹ tí mò ń dúpẹ́, ṣé n kò sí nínú ọkọ̀ ni? Fi 'èmi' yẹn sílẹ̀. Àwa la dí i. Àwa náà la ó ṣí i. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí, nítorí l'Ọ́jọ́ Ajé, ó dá ọ lójú báyìí náà."

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gba èèpo àgbọn tó ń jó nínú agolo lọ́wọ́ Màmá, mo fi wáyà so agolo náà mọ́ ìdí ọkọ̀, lẹ́bàá ẹnu páìpù. Èéfín ẹ́ńjìnnì kò hàn dáadáa lójú, ṣùgbọ́n ti èèpo àgbọn funfun, ó sì pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá fúnra wọn lọ jókòó sẹ́yìn, lórí ìjókòó àwọn obìnrin, Màmá sì sún fún wọn. Atukọ̀ tẹ iná sí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ gbéra.

Ká tó kúrò níwájú ilé ìsìn, èéfín funfun náà ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kò sáré. Ó ń rọra wọ́ lórí itan àwọn tó jókòó, ó ń lọ síwájú bí ẹni tó ń wá àyè, títí ó fi dé àpótí ẹ́ńjìnnì. Kò dé ọ̀dọ̀ atukọ̀, nítorí ihò tó fi ń wo ọ̀nà ń fẹ́ ẹ dànù.

"Ẹ wò ó," mo ní. "Ẹ wò ó, ẹ wò ó."

"A ti ń wò ó," Màmá wí. "Ká a sókè."

Mo fi ọ̀bẹ gé okùn tapólì náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ká a sókè lójú fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Afẹ́fẹ́ wọlé, ó gba àárín wa kọjá, ó ṣí fìlà Bàbá lórí. Èéfín náà sún kẹ́rẹ́ sẹ́yìn, ó ta kánkán, ó jáde. Ó wá nà tọ̀ọ̀rọ̀ lórí omi lẹ́yìn wa. Mo sọ tapólì kalẹ̀, ó padà wọlé. Mo tún ká a, ó tún jáde. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n ṣe é títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, mi ò ní kọ̀.

"Ó tó," Bàbá wí, wọ́n ń nu ojú. "A ti rí i. Fi í sókè báyẹn."

Kí àdúrà ìrọ̀lẹ́ tó dé, àwọn káfíńtà ti gbé ilẹ̀kùn pákó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, a sì ti fi páìpù kún páìpù títí ẹnu rẹ̀ fi yọ sí ẹ̀gbẹ́, ó jìnnà sí ilẹ̀kùn. A tún wa ọkọ̀ náà jáde pẹ̀lú agolo èéfín, n kò sì rí èéfín nínú yàrá. Bàbá wá sọ fún àwọn àgbà pé l'Ọ́jọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó síwájú pẹ̀lú atukọ̀. Àwọn kan ní ìyẹn kò bá bí a ṣe ń jókòó mu. Màmá bi wọ́n bóyá ọmọ inú rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

N kò sùn dáadáa. Mo mọ̀ pé mo ti rí i, mo ti fi ojú rí i, síbẹ̀ l'Ọ́jọ́ Ajé náà mo mọ̀ pé mo ti rí i. Nígbà tí a gbéra l'Ọ́jọ́bọ̀, agbẹ̀bí jókòó sí apá òsì ẹ̀gbọ́n mi, èmi sì wà ní apá ọ̀tún. Omi ń ta wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ wá.

"Ṣé orí ń fọ́ ọ?" mo bi í kí a tó jìnnà sílé.

"Rárá."

Nígbà tí a kọjá Mahintedo, mo tún bi í. "Ṣé orí ń fọ́ yín?" N kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, àfi tí ẹ̀rù bá bà mí tàbí tí mo bá fẹ́ tọrọ nǹkan.

"Ìwọ lo máa jẹ́ kó fọ́. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n bì kí ọkàn ẹ balẹ̀?"

"Òòyì ńkọ́?"

"Òtútù ló ń mú mi. Ebi ń pa mí. Ọmọ yìí ń ta mí ní ìpá. Wá nǹkan mìíràn bi mí."

Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, mo sì ń wo ètè ẹ̀gbọ́n mi bóyá àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Kò yí padà.

Ní èbúté Igbókọ̀dá, nọ́ọ̀sì kan dúró dè wá pẹ̀lú mọ́tò ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fa àpò rẹ̀ lọ́wọ́, ìró rẹ̀ tutù ṣíṣìn. Èmi tẹ̀lé e, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di òpó èbúté mú. Nọ́ọ̀sì náà kọjá lára ẹ̀gbọ́n mi, ó wá di apá mi mú.

"Ẹ rọra," ó ní. "Ṣé ẹ̀yin la wá gbé?"

"Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi lè dúró."

Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí ìjókòó mọ́tò. Nọ́ọ̀sì yọ fèrè onígi kékeré kan tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ, ó gbé e lé ikùn rẹ̀, ó fi etí sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, "Ó ń lù dáadáa. Ó lágbára." Bóyá ó rí ojú mi ni, ó fi fèrè náà lé mi lọ́wọ́.

Mo tẹ̀ bá, mo fi etí sí i. Ariwo ọkọ̀ wa nìkan ni mò ń gbọ́, nítorí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mi. Mo pariwo sí atukọ̀ pé kó pa á. Ó pa á. Omi dákẹ́, èbúté dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, mo gbọ́ ọ, ó yára, ó kéré, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Kí lò ń gbọ́?" atukọ̀ bi mí láti inú ọkọ̀.

Mo na ọwọ́ sí i pé kó má sọ̀rọ̀.